Kẹ̀kẹ́ Oníná Mànàmáná Nínú Iṣẹ́ Ọdẹ

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ kan a máa gun kẹ̀kẹ́ oníná mànàmáná lọ sí oko ọdẹ. Kẹ̀kẹ́ yìí ní ẹ́ńjìnnì kékeré tí agbára bátìrì ń yí. Kì í pariwo bí alùpùpù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn epo tí ẹran lè fi fura.

Nígbà tí ẹran bá kú ni àǹfààní rẹ̀ hàn jù. Akọ elk, irú àgbọ̀nrín ńlá kan ní ilẹ̀ náà, a máa wọ̀n tó 700 pọ́un. Ọdẹ yóò kun ún, yóò sì máa fi ọmọlanke tí ó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kó o díẹ̀díẹ̀, kí ooru tó bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gba ìṣirò. Ẹrù àbọ̀ wúwo ju ti àlọ lọ. Òkè a máa yára jẹ agbára bátìrì, òtútù a sì máa dín in kù. Nítorí náà, kí ọdẹ má ṣe lò tó ìdajì agbára náà ní àlọ.

Kí ó mọ òfin pẹ̀lú. Ní ọdún 1964, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin nípa àwọn ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ kí wọ́n lè wà bí Ọlọ́run ti dá wọn. Kẹ̀kẹ́ kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìbáà ní ẹ́ńjìnnì, ìbáà má ní. Nínú igbó ìjọba yòókù, ọ̀nà tí a yọ̀ǹda fún un nìkan ni kí ó gbà.

Ọdẹ tí kò bá ṣírò àbọ̀ kí ó tó gbéra lè pa ẹran tán kí ó má rí i gbé délé.