Àárẹ̀ Ọkàn Tí Í Mú Oníṣègùn Ẹran

Ó ti mọ́ wa lára láti máa kọ́ àwọn olùkà wa bí a ti í tọ́jú ewúrẹ́, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí a ń ránṣẹ́ pè nígbà tí wọ́n bá ṣàìsàn. Àárẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ara: ọkàn ẹni tí ń ṣàánú lójoojúmọ́ a máa gbẹ, bí kànga tí gbogbo àdúgbò ń fà ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Oníṣègùn ènìyàn kì í pa aláìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹran ní láti pa nígbà mìíràn. Ní ọdún 1997, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà ti ilẹ̀ Benin wọ Nàìjíríà; ní ọdún 2020 ó tún jà gidigidi ní Òkè-Àró, ní ààlà Èkó àti Ògùn, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ojú kan. Àrùn náà kò ní oògùn tí í wò ó sàn. Pípa ni a ń pa àwọn tí ó kù nínú agbo, tí a sì ń sin wọ́n, kí ó má bàa ràn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́ fún ẹni tí ó fi ọdún 6 kọ́ bí a ti í wo ẹran sàn! Ojú ẹlẹ́ran ni yóò ti ṣe é. Omijé opó tí gbogbo owó rẹ̀ wà nínú agbo náà a sì bá a dé ilé. Èyí tí ó tún burú jù ni ti ẹran tí ìbá yè, tí ẹlẹ́ran ti fi àgbo dán wò fún ọjọ́ 8 kí ó tó ránṣẹ́, tí ó sì wá ń bú dókítà pé òun ni ó pa á. Ó dùn wá láti wí pé irú èyí kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwa ará ìjọ.

Bí ó bá pẹ́, kò ní í lè sùn mọ́; ọ̀rọ̀ kékeré a bí i nínú; a máa wo ẹran bí ẹni wo igi; a sì máa sá fún ẹgbẹ́. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, lórí ikú àwọn oníṣègùn ẹran láti 1979 dé 2015, fi hàn pé ikú nípa gbígbẹ̀mí ara ẹni láàrin àwọn obìnrin wọn tó ìlọ́po 3½ ti àwọn obìnrin yòókù. Ti àwọn ọkùnrin sì ju ìlọ́po 2 lọ. Oògùn tí a fi ń pa ẹran láìsí ìrora ń bẹ ní ìkáwọ́ wọn, èyí sì wà lára ohun tí ó fà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, ẹ tètè ránṣẹ́ pè é. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹran tilẹ̀ kú. Ní ọjọ́ tí ó bá pa ẹran yín, ẹ fún un ní omi, ẹ kí i kú ìrọ́jú, ẹ sì bi í bí ó ti sùn. Bí ó bá ní ayé sú òun, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ ní ọjọ́ náà gan-an sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn dókítà àìsàn ọkàn wà. Nígbà tí ó bá padà dé, ẹ máa pè é sí ẹran yín bí ti àtẹ̀yìnwá.