Ẹni Tí Kì í Kí Ènìyàn

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Atokoligbé, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa kajú, ẹ̀yin tí ẹ ń wa zém, àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ kàwé ní Parakou àti Calavi tí ẹ kàn ń wálé nígbà ọdún, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Ó kan àwọn kan láàárín wa tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n wọn, tí ìlú ṣì ń ṣe sí bí ọmọdé, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní wèrè.

Ẹ mọ irú ẹni tí mò ń sọ. Ó lè kọjá lára èèyàn mẹ́wàá láàárọ̀ kó má kí ẹnì kankan. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ sóko lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà náà nítorí òkú, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ìlù bá ti pọ̀, á fọwọ́ méjèèjì di etí, á sì sá kúrò. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó lè tún ìbéèrè yín sọ fún yín dípò kó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, á sọ ọ́ láìronú.

Ọ́tísìmù ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe àrùn tó ń ranni, kì í ṣe èpè, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ èèwọ̀ kankan nígbà tó lóyún rẹ̀. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí títí dọjọ́ alẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2021, ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka orí tó wà nínú agbo ilé yín àti èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà.

Ọ̀rọ̀ àìkíni ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀kan nínú ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń wò ni bóyá ọmọ ń wojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tiwa tí kò bá wo àgbà lójú, ìyìn la ń fún un, a ní ó lẹ́kọ̀ọ́. Irú wọn sì ń dàgbà láàárín wa láìsí ẹni tó fura. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá wá tó ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ tí kò sì dọ̀bálẹ̀, ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i, aláìlẹ́kọ̀ọ́ nìkan la sì ń rí. Mo rí i tí wọ́n gbá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ létí lójú ọjà, ẹni tó ti tó ogójì ọdún. Kò gbá a padà. Iye owó iṣu tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń kà, léraléra, títí wọ́n fi fi í sílẹ̀.

Àwọn baba wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Òrìṣà-ńlá ló ń mọ èèyàn, òun ló mọ abuké, òun ló mọ àfín àti arọ, ẹni òrìṣà sì ni wọ́n. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, òrìṣà ló ń bú. Àwọn Máhì aládùúgbò wa ní Savalou náà ní Tohossou tiwọn, ọmọ tí ìbí rẹ̀ ṣàjèjì, tí wọ́n sì ń bọ. Mi ò ní kí ẹ gbé gbogbo àtijọ́ gẹ̀gẹ̀ o. Níhà àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí kan náà, láyé àtijọ́, àwọn kan máa ń pa ọmọ tí eyín òkè rẹ̀ bá kọ́kọ́ hù, wọ́n ní àjẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni òrìṣà tí a kàn ń bẹ̀rù, tí a kò fún níṣẹ́, tí a kì í bá jẹun, inú ìdáwà náà ló wà.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Donald Triplett. Ọdún 1933 ni wọ́n bí i ní Forest, ìlú kékeré kan ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú. Lẹ́yìn bí ọdún kan, àwọn òbí rẹ̀ lọ mú un padà wálé. Òun ni Dókítà Leo Kanner fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ 11 tó kọ̀wé lé lórí lọ́dún 1943, ìwé tó jẹ́ kí ayé mọ ọ́tísìmù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti dókítà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, ti àgbẹ̀ ni. Wọ́n fi ọmọ náà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀. Kò sí ohun tí Donald rí tí kò fẹ́ wọ̀n. Àgbẹ̀ ní kó gbẹ́ kànga, kó máa wọn bó ṣe jìn sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka poro àgbàdo, kò fẹ́ dákẹ́. Àgbẹ̀ fi ohun ìtúlẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa kà á bó ṣe ń tú u. Kò bá a jà pé kó yéé kà. Iṣẹ́ tí kíkà yẹn bá mu ló wá fún un.

Donald dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wa mọ́tò, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó ń dá rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Òótọ́ ni pé ọlọ́rọ̀ ni ìdílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kú tán, àwọn ará Forest kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú lọ́dún 2023.

Àwa náà ní iṣẹ́. Mo ti jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi kajú rí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń mú kóró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó ń mi í sétí. Èyí tó bá fúyẹ́, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àpò kún, kò gbójú sókè. Kò sí ẹni tó ń ṣà á mọ́ tó o lóko yẹn. Oúnjẹ nìkan ni ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì fún un, ó ní kí ló fẹ́ fowó ṣe. Ẹ̀yin ọmọ wa, olè nìyẹn. Iye tí ẹ bá ń san fún ẹlòmíràn lórí àpò kan, ẹ san án fún òun náà, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kà á sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bí nǹkan yóò bá yí padà lọ́la, ẹ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹ má fi òwe bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an. Bí ọdún iṣu ti 15 oṣù kẹjọ bá dé ní Savalou, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Bó bá kọ̀, ẹ gbé iṣu tirẹ̀ wálé fún un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, òfin 2017-06 ti 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara nílẹ̀ wa. Ẹ bá ìdílé rẹ̀ lọ sí méríì ní Bantè, kí ẹ bèèrè ohun tó tọ́ sí i.

Ìyá rẹ̀ ti ń darúgbó. Òun nìkan ló mọ ọbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ, aṣọ tí kì í yún un lára, àti ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ìbẹ̀rù bá mú un. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú yín lọ jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tó ṣì lè sọ ọ́, kí ẹ sì máa yà níbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi mọ ẹsẹ̀ yín.