Ọtí Inú Ọ̀rá: Ojú Aláṣẹ Ọ̀tọ̀, Ojú Ọ̀dọ́langba Ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa ní Èjìgbò níbí. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ibùdókọ̀ mọ ọtí inú ọ̀rá tí à ń wí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àjọ NAFDAC dáwọ́ dúró láti máa forúkọ ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò tí kò tó 200ml sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de títa rẹ̀. Ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, ní ó pọ́ọ́kú, ó sì rọrùn fún ọmọdé láti fi pamọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí fi ẹ̀hónú hàn nítorí iṣẹ́ wọn, ìjọba sì sún un síwájú di oṣù kejìlá ọdún 2025. Owó, iṣẹ́ àti ìwọ̀n ọ̀rá ni àwọn àgbà ń jà lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 15 yàtọ̀. Àwa tí a ti kọ́ni pẹ́ mọ̀ pé bí a bá jókòó tì wọ́n láìmú pàṣán lọ́wọ́, ohun tí a ó gbọ́ ni pé, "Gbogbo wọn ló ń mu ún, mà. Ṣé kí èmi nìkan máa wò wọ́n ni?" Wọ́n mọ̀ pé ọtí léwu, wọ́n lè kà á fún wa bí ABD. Ẹ̀rù pé wọn yóò fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ló ju ẹ̀rù ọtí lọ. (Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní bàbá àwọn náà ń mu tirẹ̀ lóde àríyá. Ẹ wo ìdáhùn sí ìyẹn!)

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg gbé eré ọkọ̀ wíwà orí kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 àti fún àwọn àgbà. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń wò wọ́n, àwọn ọmọ náà ṣe ohun tó léwu púpọ̀ ju ìgbà tí wọ́n dá wà lọ. Ti àwọn àgbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Kò sì sí ọtí níbẹ̀ rárá o.

A fara mọ́ òfin: ohun tí kò sí nítòsí ṣòro láti mu. Ṣùgbọ́n òfin kò lè tẹ̀ lé ọmọ dé àárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìyá bá gbóòórùn ọtí lẹ́nu ọmọ, "Níbo lo ti rà á?" ni a máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè aláṣẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: "Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Kí ni wọn ì bá sọ ká ní o kọ̀?" Kí a tó tún pàdé, kí kálukú bi ọmọ kan bẹ́ẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ tán kí ó tó fèsì.