Ọjọ́ Kan Láti Fi Wo Ìlú Àbíjàn

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀, títí kan Ìsundunrin, ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn, ìlú ńlá etí òkun ti ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Síbẹ̀, ìyá kan lè bẹ ọmọ rẹ̀ wò níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó má mọ̀ ju ibùdókọ̀, ọjà àti ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìkómọ ni ó bá dé, tàbí òkú. Bí ayẹyẹ bá sì ti parí, ọjọ́ méjì péré ni ó sábà máa ń kù kí ó tó padà sílé. Èkíní nínú ọjọ́ méjì yìí ni kí a fi wo ìlú. Èkejì jẹ́ ti ẹrù dídì àti ìsinmi, nítorí pé ọ̀nà láti Èkó sí Àbíjàn tó 1,000 kìlómítà, ibodè mẹ́rin ni a ó sì kọjá. Ẹni tí ó rìn kiri dalẹ́, tí ó sì wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò jìyà rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Agogo ni ó máa ń kọ́kọ́ da ètò rú. Nígbà tí agogo méje bá lù ní Ìsundunrin, mẹ́fà ni ní Àbíjàn. Àlejò tí kò bá yí agogo ọwọ́ rẹ̀ padà yóò ti wọṣọ tán, yóò sì máa bínú sí ọmọ tí kò pẹ́ rárá. Bákan náà ni kí a yẹra fún oṣù kẹfà bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé òjò ìgbà náà a máa pọ̀ púpọ̀, omi a sì máa gba ojú ọ̀nà.

Ọ̀sà Ebrié ni ó la ìlú náà sí méjì. Treichville, níbi tí ọjà ńlá wà, wà ní ìhà gúúsù. Plateau, níbi tí àwọn ilé gogoro àti ilé ìjọba wà, wà ní ìhà àríwá. Kí a tó la ọ̀nà omi ní Vridi ní 1950, ọkọ̀ òkun kò lè wọ inú ọ̀sà náà; ọ̀nà omi yìí ni ó sọ Àbíjàn di èbúté pàtàkì. Nítorí náà, orí omi ni ó dára kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ti ilé-iṣẹ́ SOTRA a máa kó èrò láti Treichville lọ sí Plateau, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Láti inú rẹ̀ ni àlejò yóò ti rí afárá Houphouët-Boigny, tí a ṣí ní 1957.

Ní Plateau, kí a wo ilé ìjọsìn ńlá ti Ìjọ Àgùdà, èyí tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1985. Mọ́sáláṣí ńlá wà ní Plateau bákan náà. Wíwò kì í ṣe ẹ̀sìn. Mùsùlùmí lè wo ti èkíní, kí onígbàgbọ́ sì wo ti èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya àwòrán ààfin Ààrẹ tàbí ti àwọn sójà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Igbó Banco, igbó ńlá tí ìjọba dá sí nínú ìlú, wà ní ìhà kan. Grand-Bassam sì wà ní ìhà kejì, ní etí òkun, ní nǹkan bí 40 kìlómítà. Ẹni tí ó bá lépa méjèèjì yóò lo ọ̀sán rẹ̀ nínú mọ́tò. Bassam ni ó yẹ kí a yàn. Òun ni olú-ìlú láti 1893, títí ibà pọ́njú fi pa ọ̀pọ̀ òyìnbó níbẹ̀ ní 1899, tí ìjọba sì kó kúrò. Àwọn ilé àtijọ́ náà ṣì wà, àjọ UNESCO sì fi wọ́n sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 2012. Ní oṣù kejìlá 1949, àwọn obìnrin wọ́de lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Bassam láti béèrè ìdásílẹ̀ àwọn olóṣèlú tí àwọn Faransé tì mọ́lé. Inú àwọn ìyá tí ń ṣòwò yóò dùn láti gbọ́ ìtàn náà níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Kí a má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun náà. Ìgbì rẹ̀ le, a sì máa fa ènìyàn lọ. Ẹsẹ̀ ni kí a fi kan omi. Bí agogo mẹ́rin bá ti lù, kí a wọ ọkọ̀ padà, nítorí pé ọkọ̀ a máa há lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí agogo méje tó lù.

Kí àlejò mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, pẹ̀lú owó séfà wẹ́wẹ́. Kí ọmọ tí ó gbà á lálejò sì kọ orúkọ àdúgbò, orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà tẹlifóònù sórí ìwé kékeré ní èdè Faransé, kí ó fi í sínú àpò ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Bí ọjà bá yà wọ́n, ìwé náà ni ìyá yóò fi han awakọ̀ takisí, nítorí pé awakọ̀ náà lè má gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ó lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.