Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Bí A Ṣe Ń Fi Oyin Ṣe Ọtí Nílé

Oyin kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Omi inú rẹ̀ kéré, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bu omi là á, tí a sì fi ìwúkàrà sí i, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ìwúkàrà yìí ni àwọn aṣebúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Á máa jẹ ṣúgà inú oyin, á sì máa sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ yìí kan náà ló ń mú kí ẹmu máa hó nínú agbè. Àmọ́ ẹmu kì í pẹ́ kan. Ọtí oyin ní tirẹ̀ ń fẹ́ sùúrù.

Àwọn ará Etiópíà ń ṣe é nílé. Tej ni wọ́n ń pè é, ewé gesho ni wọ́n sì fi ń mú un korò díẹ̀.

Ohun tí a nílò

- Oyin gidi, kìlógíráàmù 1. Ìgò 75 cl kan tó kún dẹ́nu ti tó.
- Omi mímọ́, lítà 3.
- Yíìsì gbígbẹ, ṣíbí kékeré 1.
- Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí a kò rọ kẹrosíìnì sí rí.
- Bàlúùnù 1.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kẹ́ẹ̀gì àti gbogbo ohun èlò, kí ẹ sì ṣàn wọ́n dáadáa. Ìdọ̀tí ló sábà ń ba ọtí jẹ́.
2. Ẹ se omi, kí ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ títí ìka á fi lè wà nínú rẹ̀ láìjó. Omi gbígbóná á pa yíìsì. Ẹ má gbé oyin kaná, kí òórùn dídùn rẹ̀ má bàa lọ.
3. Ẹ da oyin àti omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ dé e, kí ẹ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú 5, nítorí yíìsì nílò afẹ́fẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu yíìsì sí i.
4. Ẹ fi abẹ́rẹ́ dá bàlúùnù lu, kí ẹ fi bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má fi ìdérí dé e pa, kó má bàa bẹ́.
5. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò lè dé. Bí ilé bá móoru, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú bàsíà omi, kí ẹ sì fi aṣọ tútù wé e.

Ohun tí ẹ ó rí

Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bàlúùnù á dìde. Bí ẹ bá gbé etí sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, bàlúùnù á wálẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sílẹ̀, ojú ọtí á sì tòrò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa èyí tó tòrò sínú ìgò. Ẹ má kánjú: ọtí tó ṣì ń hó lè fọ́ ìgò tí a dé pa. Ọtí náà á kọ́kọ́ le lẹ́nu, àmọ́ bó bá lo oṣù mélòó kan sí i, á rọ̀.

Bí ẹ bá rí èébu lójú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ìkìlọ̀: Agbára ọtí yìí lè tó ìlọ́po méjì ti bíà. Kì í ṣe fún ọmọdé, aboyún tàbí ẹni tó fẹ́ wakọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni yíìsì ń sọ ṣúgà inú oyin dà?
2. Kí nìdí tí a fi ń dá bàlúùnù lu?
3. Bí oyin kìlógíráàmù 1 bá gba omi lítà 3, lítà mélòó ni kìlógíráàmù 2 á gbà?