Ẹ Yan Oṣù Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìmínì tí ẹ ń tu owó jọ láti lọ lo ìsinmi ní Norway, oṣù tí ẹ máa lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Ní Tromsø, lápá àríwá lọ́hùn-ún, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní. Láti nǹkan bí ìparí oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù keje, kì í wọ̀. Ẹni tó fẹ́ wo òkè àti omi, tó wá lọ lóṣù kejìlá, òkùnkùn ló máa fowó rẹ̀ wò. Ẹ lè ní Oslo lẹ ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lóṣù náà kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ lọ, ọyẹ́ ilé wa kò sì tó àpèjúwe òtútù rẹ̀.

Oṣù tí ẹ bá yàn náà ló ń darí ìwé físà. Físà Schengen ni Norway, Sweden àti Denmark ń lò. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má sì jẹ́ kó dín ní ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n ẹ tètè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àyẹ̀wò rẹ̀ lè gùn dé ọjọ́ 45. Yúrò 90 ni àgbàlagbà ń san. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, owó lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní òun mọ ajẹ́ńtì tó ń sáré ṣe é. Ajẹ́ńtì kọ́ ló ń fọwọ́ sí físà! Bó bá fi ìwé báńkì ayédèrú sí i, orúkọ yín ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí pé físà lè má jáde, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rí ní ọ̀pọ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá owó rẹ̀ ṣe é gbà padà.