Bí ajá tàbí ológbò bá gé ni jẹ lẹ́yìn omíyalé

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀gùn, àwọn ajá tó já okùn nígbà omíyalé ti ń padà wá. Ebi ń pa wọ́n, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n lè gé ẹni tó ni wọ́n pàápàá jẹ.

Bí ajá bá gé yín jẹ, tàbí ológbò ha ọmọ yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. A mọ̀ pé ó gùn, ẹ ṣáà fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré. Àrùn dìgbòlugi lè fara pamọ́ fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, agbára káká la fi ń rí ẹni tó yè é.

Ẹ má pa ajá náà, ẹ má sì jẹ ẹ́. Bó bá ṣeé mú láìléwu, ẹ so ó fún ọjọ́ 10 kí dókítà ẹranko lè máa wò ó.

Ajá àti ológbò tó bá ti pé oṣù 3 yẹ kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí omi bá ti gbé ìwé abẹ́rẹ́ wọn lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un gbà, kò léwu.